Fèrèsé tí Bàbá Wuye Lu fún Àṣàkẹ́

Níbi àdúrà fìdáù Bàbá Wuye, àlùfáà ní kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ nípa olóògbé dìde. Àwọn ará ọjà dìde. Wọ́n ní kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ rí, pé ìṣó tó bá ní kò ní í dípẹtà kì í dípẹtà. Ẹnìkan láti ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ náà dìde, ó ní kò sí ìpàdé tí wọ́n dé tí wọn ò bá Bàbá lórí ìjókòó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó láàárín àwọn obìnrin, mo ń dúró kí ẹnìkan mẹ́nu ba ẹyẹ. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. Èmi náà ò lè dìde, ẹkún ni mò ń sun. Ohun tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo ń sọ yìí.

Òun ló bí bàbá mi. Ìṣó, ìdè ilẹ̀kùn, àgádágodo àti nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ló ń tà ní ọjà Wuye, ìdí nìyẹn tí àwa ọmọọmọ rẹ̀ fi ń pè é ní Bàbá Wuye, kódà lẹ́yìn tó ti gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tí òun àti ìyá àgbà sì ti kó wá bá wa ní Gwarinpa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì fẹ́ràn àwàdà. Tó bá wọ ilé onílé, ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀kùn tó bá ń dún kì í jẹ́ kó jókòó. A lọ kí ọ̀fọ̀ ní Karu nígbà kan, gbogbo wa ń ṣe "ẹ kú ìrọ́jú," la bá wo ẹ̀yìn, a ò rí Bàbá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi epo sí ìdè ilẹ̀kùn olóòfọ̀. Ojú ti Mọ́mì, ìyá mi. Ó rọra sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a wá kí wọn ni." Bàbá ò gbójú sókè. Ó ní, "Nǹkan tó bá ń ké, ẹ má máa kọjá lára rẹ̀."

Àṣàkẹ́ ni oríkì ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà wa tí àwa ń pè ní Màmá. Bàbá nìkan ló ń fi oríkì pè é nínú ilé. Wọ́n jọ tajà pẹ́. Bàbá ló ń wọn nẹ́ẹ̀tì, Màmá ló ń bá oníbàárà sọ Hausa, ó sì lẹ́nu dáadáa. Ẹni tó wá ra àgádágodo kékeré kan, kó tó kúrò níbẹ̀, Màmá á ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Bó ṣe ń lọ gbé omi lọ́jọ́ kan báyìí ló ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì lọ pátápátá. Nígbà tí ohùn rẹ̀ máa padà, ọ̀rọ̀ kan péré ló bá a padà. "Yauwa." Ohun tí àwọn Hausa máa ń wí nìyẹn tí ọjà bá wọ̀, tí inú olówó àti ọlọ́jà bá jọ dùn. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ Màmá, yauwa. Tí ara bá ń ro ó, yauwa. Tí inú bá bí i, á wí i bákan náà, omijé á sì máa bọ́.

Bàbá máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á máa kọ́ ọ bí ẹni ń kọ́ ọmọ.

"Wí pé omi."

Màmá á tẹjú mọ́ ètè rẹ̀, ètè tirẹ̀ náà á máa gbọ̀n. "Yauwa."

"Kò burú. Wí pé Bàbá Ràsákì."

Ràsákì ni orúkọ Dádì, bàbá mi, àkọ́bí wọn. Orúkọ tí Màmá ti fi ń pe ọkọ rẹ̀ láti ìgbà èwe wọn nìyẹn.

"Yauwa," ni Màmá wí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan Bàbá jáde sí fàráńdà, ó dúró tì mí, kò wo ojú mi. Ó ní, "Gbogbo Yorùbá tí èmi àti òun jọ sọ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibí, ó ti lọ. Èyí tí a fi ń tajà ló kù."

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, dókítà ní kí oòrùn àárọ̀ máa kan Màmá lára. Bàbá àti Dádì máa ń gbé e tòun tàga lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ igi máńgòrò. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí nǹkan kan súfèé nínú ewé. Kì í ṣe igbe. Ohùn fèrè ni, ó yí po, ó sì mọ́ gaara. Ẹyẹ kan bá fò jáde, ó pọ́n rúsúrúsú bí ìyeyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, ìlà dúdú kan lẹ́bàá ojú rẹ̀ bí ẹni lé tìróò. Màmá tí kò lè gbé ọrùn dúró gbé orí sókè. Ó fi ojú sin ẹyẹ náà títí tó fi wọ igi ará ilé kejì. Ó rẹ́rìn-ín. "Yauwa!" ló wí, ṣùgbọ́n ohùn ọjà ni, ohùn tó fi ń kí oníbàárà àtàtà. Bàbá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú koríko tútù. Ó ní, "Àṣàkẹ́, o ò tíì lọ. O ṣì wà níbẹ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹyẹ náà nínú wa. Dádì ní ẹ̀ga ni. Bàbá ní kì í ṣe ẹ̀ga: ẹ̀ga kì í dá rìn, ariwo niṣẹ́ rẹ̀, orí igi kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń bú ara wọn. Èyí dá wà, ó sì ń fi ewé bojú bí ìyàwó tuntun. Mo wá a lórí fóònù mi títí mo fi rí àwòrán tó jọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, óríólù ni àwọn òyìnbó ń pè é." Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Bàbá tí kì í rẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi ń mì. "Orí olú! Yorùbá ni òyìnbó ń sọ, wọn ò kàn mọ̀ ni." Láti ọjọ́ náà, Oríolú lorúkọ ẹyẹ nílé wa.

Bó ṣe máa dá Oríolú padà ló gba gbogbo ọkàn rẹ̀. Ó kọ́kọ́ gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n sórí àpótí, alángbá jẹ ẹ́. Ó gbé e sórí àga, eèrà bò ó. Ó ri òpó irin mọ́lẹ̀, ó kan pákó mọ́ orí rẹ̀, ó fi gírísì pa òpó náà kí eèrà má lè gùn ún. Kánnákánná balẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ó wá la ọsàn sí méjì, ó fi ìṣó kàn án mọ́ pákó, ẹran rẹ̀ sókè, kí ẹnikẹ́ni má lè gbé e fò. Ó gbé àwo omi pẹrẹsẹ kan tì í. Síbẹ̀ Oríolú ò bà. Ó máa ń dé orí máńgòrò, á súfèé, á lọ. Bàbá jókòó, ó ń ṣọ́ ọ, ó sì wá rí i pé ẹyẹ náà kì í sọ̀ kalẹ̀ síbi tí kò sí ewé. Ló bá so okùn mọ́ ẹ̀ka, ó ń fa pákó náà lọ sókè láàárín ewé bí ẹni ń fa àsíá, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí àdán má bàa jẹ ẹ́.

Mọ́mì ní èso tí òun ń rà fún àwọn ọmọ ni ẹyẹ ń jẹ tán. Bàbá ò bá a jiyàn. Ó gbé ike, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èso ní oríta ẹ́sítéètì. Wọ́n á ní, "Sànnu, Alhaji," wọ́n á nawọ́ ìbẹ́pẹ tó dúró dáadáa sí i. Bàbá á mi orí. "Èyí tó ti rọ̀ ni kí ẹ fún mi. Àlejò mi ò léyín."

Ilé wa kún fún ìjà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní í fi pamọ́. Obìnrin kan tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa rí ọsàn tí wọ́n kàn ní ìṣó àti ìbẹ́pẹ nínú àwo, ó ní ẹbọ ni. Ó kó àwọn alàdúrà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí ìdí ọgbà, wọ́n ń de ẹ̀mí burúkú. Ọ̀rọ̀ náà fò dé mọ́ṣáláṣí. Ìmáámù wa, ọmọ Ìlọrin tó kéré sí Dádì lọ́jọ́ orí, wá sílé, ó sì kúnlẹ̀ kí Bàbá kó tó sọ ohun tó bá wá.

"Ẹ má bínú, Alhaji. Wọ́n ní ẹ̀ ń gbé nǹkan sábẹ́ igi."

"Mò ń gbé e," ni Bàbá dáhùn. "Ẹ jókòó."

Ó gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Wọ́n jókòó títí oòrùn fi gun orí. Oríolú ò wá. Kánnákánná kan ló wá, ó jìjàkadì pẹ̀lú ọsàn náà, ó já a tì, ó sì bínú lọ. Ìmáámù pa ẹ̀rín mọ́nú. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé kí Alhaja. Ó ṣàdúrà gígùn fún Màmá, Màmá wò ó lójú, ó ní, "Yauwa." Ojú ọmọkùnrin náà pọ́n nígbà tó jáde. Bàbá sìn ín dé géètì. Ó ní, "Ẹni tó ń rúbọ, ọlà ló ń wá, tàbí ẹ̀mí gígùn. Èmi ò wá ìkankan. Mo kàn fẹ́ kí ó tún rẹ́rìn-ín ni."

Ṣùgbọ́n ìjà tó tóbi jù, inú ilé ló ti ṣẹlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, egbò sì ti yọ sí i lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú rẹ̀ ní kí a má máa gbé e jáde mọ́. Yàrá tó wà, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà ará ilé kejì àti jẹnẹrétọ̀. Ògiri gbalaja ló wà láàárín bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé. Tí Oríolú bá dé, Bàbá á sáré wọlé: "Àṣàkẹ́, ó ti dé o!" Ẹyẹ á súfèé, Màmá á yí ojú síbi tí ohùn ti ń bọ̀. Ògiri lásán ló máa ń wò. Mo rí Bàbá tó ń wò ó bó ṣe ń wo ògiri. Mi ò rí ìbànújẹ́ tó tó bẹ́ẹ̀ lójú àgbàlagbà rí.

Àwọn olùkọ́ yunifásítì ń yanṣẹ́ lódì nígbà náà, nítorí náà mo wà nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Dádì àti Mọ́mì ti lọ síbi iṣẹ́, Bàbá ní kí èmi àti nọ́ọ̀sì bá òun gbé Màmá lọ sí pálọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ gbálẹ̀ yàrá ni. Mo wà ní ilé ìdáná nígbà tí mo gbọ́ gbì! gbì! Mo sáré débẹ̀. Bàbá ti bọ́ jálàbíyà, síńgílẹ́ẹ̀tì ló kù lọ́rùn rẹ̀. Ó fi òòlù ńlá kan dá ògiri ilé ọmọ rẹ̀ lu. Eruku bò ó lórí, ó bò ó ní irùngbọ̀n. Oòrùn ẹ̀yìnkùlé ti ń wọlé láti ihò kan tó tó ẹnu ìkòkò.

"Bàbá! Dádì máa bínú o!"

Ó dúró, ó ń mí gúlegúle. Ó ní, "Á bínú. Ìbínú rẹ̀ á sì rọlẹ̀, torí ó ṣì lọ́jọ́ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò lọ́jọ́ lọ́wọ́." Ó tún gbé òòlù sókè.

Ìrọ̀lẹ́ ni Dádì wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, báàgì iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló lu ilé mi báyìí?"

"Èmi ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ ṣáájú ààwẹ̀. O ní kí n ní sùúrù títí o fi máa tún òrùlé ṣe. Mo sọ fún ọ lẹ́yìn ààwẹ̀. O ní kí n ní sùúrù."

"Bàbá, ilé mi ni o! Tí ògiri yìí bá wó lu Màmá ńkọ́?"

Bàbá ti fi igi ti ògiri tó wà lókè ihò náà, ó ti ta tapólì bò ó. Ó dìde, ó bọ́ fìlà, ohun tí mi ò rí kó ṣe níwájú ọmọ rẹ̀ rí. Ó ní, "Ràsákì, mo jẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wò ó kó máa wo ògiri mọ́."

Dádì yí padà, ó jáde. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá láàárọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kò tún sí ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Bàbá fúnra rẹ̀ ló fi irin àti nẹ́ẹ̀tì sí ojú ihò náà. Ó yí bẹ́ẹ̀dì Màmá síbi tí ojú rẹ̀ á ti máa bọ́ sórí máńgòrò, ó sì fa pákó èso rẹ̀ sí ẹ̀ka tó sún mọ́ ọn jù lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ni Dádì wọlé lọ kí ìyá rẹ̀ kó tó jáde. Mo ń pààrọ̀ aṣọ ìbusùn lọ́wọ́. Oríolú wà lórí pákó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa rí i kó jẹun nìyẹn: ó ń ti ẹnu bọ inú ọsàn, ó ń gbé orí sókè, ó ń wò yí ká, ó tún ń ti ẹnu bọ̀ ọ́. Màmá gbé ọwọ́ òsì tó kù ún kù, ó nà án sí ẹyẹ náà, ó wá yí ojú sí Dádì. "Yauwa," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ìyá tó ń fi ọmọ tuntun han ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dádì jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìjáde rẹ̀, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di àsálẹ́, ó lọ bá Bàbá ní fàráńdà.

"Bàbá, ibo la ti máa rí gíláàsì tó máa bá fèrèsé yẹn mu?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n," ni Bàbá wí.

Ìgbà ọyẹ́ ni Màmá kú, nígbà tí gbogbo ewé ti kún fún eruku tí Oríolú sì ti lọ síbi tó máa ń lọ. Bàbá ò ké. Ó pa ojú Màmá dé, ó tún gèlè tó wà lórí rẹ̀ wé, ó sì jókòó tì í títí àwọn obìnrin fi dé láti wẹ̀ ẹ́. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń ní kó gba kádàrá. Ó ń gbà á, ó ń ṣe "àlùhámúdùlílàhì." Èmi nìkan ni mo gbọ́ ohun tó wí nígbà tí mo gbé omi fún un. Ó ní, "Òjò ò ní í pẹ́ dé. Ì bá dúró."

Òjò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà, mo rí Bàbá tó ń la ọsàn. Mọ́mì bá a níbẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá, Màmá ò sí mọ́. Ta lẹ wá ń gbé e fún?"

Bàbá fi ìṣó kan ọsàn mọ́ pákó, ó fa okùn náà sókè. Ó ní, "Ẹyẹ ò gbọ́ pé ó ti kú. Èmi kọ́ ni màá sọ fún un."

Yàrá yẹn náà ló wá ń sùn láti ìgbà yẹn. Mo fẹ́ gbé tíì fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí síbi tí Màmá máa ń fẹ̀yìn tì. Oríolú súfèé níta. Mo gbọ́ tí Bàbá, tí kò gbọ́ Hausa ju ti ọjà lọ, ń wí fún ara rẹ̀ pé, "Yauwa. Yauwa." Mo gbé tíì náà padà, mi ò lè wọlé.

Àyà ló pa á. Ó ń dùn ún fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń pè é ní oúnjẹ tí kò dà. Lọ́sàn-án tó le, èmi àti Dádì gbé e sínú mọ́tò, ó gbórí lé itan mi lẹ́yìn. Òógùn bò ó. Mò ń nù ún, mò ń ní, "Bàbá, a ti fẹ́ẹ̀ dé." Ó ṣíjú, ó tẹ́tí sí nǹkan kan, ó ní, "Ilẹ̀kùn mọ́tò yìí ò pa dé dáadáa. Ẹ sọ fún Ràsákì." Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin ti gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Àwa obìnrin dúró sílé. Mo jókòó sí àtẹ̀gùn títí mọ́tò wọn fi dé. Dádì ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀, erùpẹ̀ pupa dé e ní kókósẹ̀. Ó jókòó tì mí.

"Mo bẹ̀ wọ́n," ló wí. "Mo ní kí wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti kún. Òpin kejì ni wọ́n gbẹ́ tirẹ̀ sí. Mo dúró sídìí rẹ̀, mo wá ibi tí Màmá wà, mi ò rí i." Ó fi ọwọ́ bojú. "Wọn ò lè rí ara wọn."

Mo bu omi sínú báásínì, mo kúnlẹ̀, mo ń fọ ẹsẹ̀ bàbá mi. Kò sọ fún mi pé kí n má ṣe é. Omi náà pọ́n. Nígbà tó wọlé lọ kírun, mo dúró lójú ibẹ̀ pẹ̀lú báásínì lọ́wọ́ mi, erùpẹ̀ ibojì Bàbá nínú rẹ̀, mi ò mọ ibi tó yẹ kí n dà á sí.